Àǹlímítẹ́ẹ̀dì Tán, Ojú Ìyá Rẹ Dúró Sójú Kan

Ilé Télọ̀ Ayọ̀rìndé,
Ẹ̀yìn Ọjà,
Ìyìn-Èkìtì.
Ọjọ́ Ẹtì, ọ̀sẹ̀ kejì lẹ́yìn Ìkórè.

Òkìkíọlá ọmọ mi, Àbẹ̀kẹ́, ìyá ìbejì,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ Rótìmí, mo kí Pamílẹ́rìn, mo kí Oore-ọ̀fẹ́. Ṣé àlàáfíà ni gbogbo yín wà ní Àbújá? Ṣé eyín àwọn ọmọ náà ń yọ láìsí ibà? Ọlọ́run tó fi méjì jíǹkí yín lẹ́ẹ̀kan náà kò ní jẹ́ kí ọwọ́ yín kún tán kó tún wá ṣófo. Ilẹ̀ tí ẹ̀ ń tẹ̀ níbẹ̀ kò ní yọ̀ mọ́ yín lẹ́sẹ̀, ọ̀gá rẹ níbi iṣẹ́ kò ní fi ojú burúkú wò ọ́, epo kò ní wọ́n yín nínú mọ́tò, omi kò ní dá lẹ́nu ẹ̀rọ yín, àmín. Bí o bá rí i pé inú ìwé ni mo kọ ọ̀rọ̀ sí báyìí dípò kí n fi fóònù sọ ọ́, má jẹ́ kí àyà rẹ já. Kò sẹ́ni tó kú. Dátà ló kú.

Ilésanmí tó ń wa ọkọ̀ láti Adó sí Àbújá ló máa mú ìwé yìí wá pẹ̀lú àpò kan. Jọ̀ọ́, bó bá ti dé ọwọ́ rẹ, wọ yàrá, kí o ti ilẹ̀kùn, kí ìwọ nìkan kọ́kọ́ kà á tán. Ibi tí mo bá ti kọ ọ́ pé kà á sókè, ibẹ̀ ni kó o kà sí etí ìgbọ́ ìyá rẹ. Ibi yòókù, àárín èmi àti ìwọ ni.

Kà á sókè: Ìyá Òkìkí, mo kí ọ o. Àlàáfíà ni mo wà. Mò ń jẹun dáadáa, mi ò rù rárá. Àwọn ẹgbẹ́ ìyá ìjọ ń béèrè rẹ. Ìkórè kẹ́sẹ járí, iṣu tí wọ́n kó wá kọjá ti èṣí, wọ́n sì ní aṣọ tuntun tí mo rán fún àwọn akọrin bá wọn lára mu. Ọlọ́run á jẹ́ ká rí èyí tó ń bọ̀ pọ̀.

Dúró níbẹ̀. Ó ku èyí tí ìwọ nìkan máa kà. Òkìkíọlá, mo rù. Mo ti rán ẹ̀gbẹ́ ṣòkòtò mi wọlé lẹ́ẹ̀mejì láàárín oṣù kan, èmi tí mo jẹ́ pé ńṣe ni mo máa ń tú u síta bí ìyá rẹ bá wà nílé. Kì í ṣe àìsàn. Mi ò kàn mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí mi ni, bóyá ìwọ tó kàwé á lè là mí lóye.

Ìwọ náà mọ̀ pé nígbà tí ìyá rẹ ń bọ̀ sọ́dọ̀ rẹ lẹ́yìn Àjíǹde, oṣù mẹ́ta ló ní òun ó lò. Nígbà tí oṣù mẹ́ta pé, o pè mí, o ní Bàbá, ìbejì ni, kì í ṣe ọmọ kan, oṣù mẹ́ta ti Pamílẹ́rìn ló pé yìí, ó ku ti Oore-ọ̀fẹ́. Mo jókòó, mo fi ìka ṣe é, mo rí i pé ìṣirò náà tọ́. Mo gbà. Nígbà tí oṣù mẹ́ta ti Oore-ọ̀fẹ́ náà wá pé, mi ò gbọ́ nǹkan kan mọ́, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀rù kí ẹ má lọ lóyún ẹ̀ta-òkò.

Àmọ́ mi ò ráhùn nígbà yẹn, torí Rótìmí ti ra ẹ̀rọ funfun kékeré yẹn fún mi, èyí tó ń ṣẹ́jú bíi tanátaná. Ó ní Bàbá, dátà àǹlímítẹ́ẹ̀dì ni mo fi sí i, ẹ máa lò ó bó ṣe wù yín, kò lópin. Mo bi í lẹ́ẹ̀mẹta pé kò lópin báwo? Ó ní kò lópin náà ni. Ó ní kí n má sọ ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Mi ò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni títí di òní. Mo kàn fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọ́ gàdàgbà sára ògiri ìta kí n má baà gbàgbé.

Bí èmi àti ìyá rẹ ṣe ń lò ó nìyí. Láàárọ̀ tí mo bá ti gbàdúrà tán, màá pè é, màá gbé fóònù ti áyọ́ọ̀nù èédú lórí tábìlì ìránṣọ, òun náà á gbé tirẹ̀ ti agolo mílíìkì àwọn ọmọ, ó di ìrọ̀lẹ́. A kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ o. Èmi á máa wa máṣíìnì mi, òun á máa ṣa ẹ̀fọ́, tàbí kó pọn ọ̀kan kó máa fi ẹsẹ̀ mi èkejì. Bí mo bá wúkọ́, á ní pẹ̀lẹ́. Bí oníbàárà bá wọlé, ìyá rẹ ni wọ́n máa kọ́kọ́ kí kí wọ́n tó kí mi. Ó ń bá mi ṣọ́ ìkòkò lórí iná láti Àbújá, á ní Bàbá Òkìkí, ọbẹ̀ rẹ ń jó. Èmi tí mo jókòó ti ọbẹ̀, mi ò gbóòórùn, òun tó wà ní Àbújá ló rí èéfín. Kí n sọ òótọ́ fún ọ, ọjọ́ kan wà tí mo gbàgbé pátápátá pé kò sí nílé, mo gún iyán, mo bu tirẹ̀ sọ́tọ̀, mo gbé e síwájú fóònù.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan, ìwé kékeré kan wọlé sórí fóònù, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́. Mo wọ awò ojú mi. Ohun tó yé mi níbẹ̀ ni pé oníbàárà wa ọ̀wọ́n, àǹlímítẹ́ẹ̀dì yín máa parí ní ìparí oṣù yìí, àti pé láti ìsinsìnyí lọ, féà yúséèjì pólísì ni yóò máa darí gbogbo ohun tí ẹ bá ń lò. Òkìkíọlá, mo tún un kà. Pólísì kẹ̀? Kí ni èmi àti ìyàwó mi ṣe tí pólísì fi dá sí i? Mo lọ bá Ìyá Ọláyẹmí, aládùúgbò wa tó ń ta ìrẹsì Ìgbẹmọ, mo bi í bóyá ó mọ ọlọ́pàá kan tó ń jẹ́ Féà Yúséèjì ní àgọ́ wọn ní Adó. Ó ronú títí, ó ní òun kò mọ̀ ọ́n, àmọ́ bí wọ́n bá ti lè dá orúkọ rẹ̀ kọ sínú ìwé bẹ́ẹ̀, ọ̀gá ló ní láti jẹ́. Mo délé, mo kó gbogbo rìsíìtì owó orí mi jáde, láti ìgbà tí mo ti ń san án, mo tò wọ́n sábẹ́ ẹ̀rọ funfun náà, kí Yúséèjì bá wọn níbẹ̀ bó bá dé. Láti ọjọ́ yẹn, agbádá ni mo fi ń wa máṣíìnì.

Yúséèjì kò dé o. Ohun tó dé ló burú jù ú lọ. Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni, bí agogo mẹ́wàá, èmi àti ìyá rẹ wà níbẹ̀ bí a ti máa ń wà, ó wá gbójú sókè, ó ní Bàbá Òkìkí, àgbébọ̀ mi funfun tó ń sàba lábẹ́ tábìlì rẹ yẹn, mo kà á, ọjọ́ kọkànlélógún pé lónìí, ọmọ mélòó ló pa? Bó ṣe bi mí tán báyìí, ojú rẹ̀ dúró sójú kan. Ẹnu rẹ̀ ṣù pọ̀, ojú òsì rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ pa dé, tọ̀tún là sílẹ̀ kedere, bó ṣe máa ń wo ẹni tó bá ń pe ayédèrú ọjà ní ojúlówó fún un.

Mo ní mẹ́jọ ni. Kò ṣẹ́jú. Mo ní àmọ́ òjò pa méjì nínú wọn. Kò ṣẹ́jú. Mo ní kí n má parọ́, àṣá gbé mẹ́ta. Ó ń wò mí. Mo ní àṣá yẹn náà ló padà wá gbé ìyá wọn. Ojú yẹn kò mì. Ọdún kẹtàlélógójì rèé tí mo ti fẹ́ ìyá rẹ, ẹ̀ẹ̀kan péré ló wò mí bẹ́ẹ̀ rí, ọjọ́ tí mo rán aṣọ ìgbéyàwó ọmọ ọ̀gá ilé-ìwé ní òdì. Mo dìde lórí àga, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja síwájú fóònù, mo jẹ́wọ́. Mo ní Ìyá Òkìkí, èmi ni mo jẹ àgbébọ̀ náà. Mo ní ọjọ́ tí òjò rọ̀ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ ni, nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò sí, mi ò rí ẹnì kankan bá sọ̀rọ̀, adìyẹ náà ń wò mí, èmi náà ń wò ó. Mo ní mo ti kó ẹyin rẹ̀ fún adìyẹ Ìyá Ọláyẹmí pé kó bá wa sàba lé e, ó sì pa ọmọ lánàá, àmọ́ Ìyá Ọláyẹmí ní òun kò mọ èwo ni tiwa. Ìyá rẹ kò ṣẹ́jú síbẹ̀. Mo rò pé ó mọ̀ pé ó ku nǹkan tí mi ò sọ. Mo bá sọ ti ata tí mo gbàgbé láti bomi rin. Mo sọ ti ìró aláró rẹ̀ tó ti ń wá láti ọdún mẹ́fà, pé èmi ni mo gé e, mo fi tẹ́ inú kóòtù oníbàárà. Oníbàárà kan wọlé bá mi lórí ilẹ̀ níbẹ̀, ó ní Bàbá, kí lẹ̀ ń wá? Mo ní abẹ́rẹ́ ni.

Ohùn ìyá rẹ wá jáde nínú fóònù. Ẹnu rẹ̀ kò mì. Òkìkíọlá, ohùn jáde, ẹnu kò mì, ojú kò ṣẹ́! Ó ní: Ẹ ṣeun o, Bàbá Òkìkí, mo gbọ́ gbogbo rẹ̀. Àṣé àwòrán rẹ̀ nìkan ló dúró, etí rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ohun tó bà mí lẹ́rù kì í ṣe pé ó gbọ́. Ó ní ẹ ṣeun. Ìyá rẹ kì í pè mí ní ẹ̀yin, ará Èkìtì ni wá, ìwọ ló máa ń pè mí láti ìgbà tí a ti wà ní kékeré. Ìgbà tí inú rẹ̀ bá bàjẹ́ tán nìkan ló máa ń bọ̀wọ̀ fún mi. Ojú yẹn wà níbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ sí i, ó ń wò mí, lẹ́yìn náà ó pòórá. Iná ẹ̀rọ funfun náà di pupa, kò sì ṣẹ́jú mọ́, bí ẹni pé òun náà ti gba ìṣe ìyá rẹ.

Mi ò mọ̀ bóyá ìyá rẹ ló pa á ni tàbí ilé-iṣẹ́ wọn ló pa á. Ìyẹn gan-an ni ìdààmú mi. Oṣù kò tíì parí, wọ́n ní ìparí oṣù ni. Mo fi owó orí fóònù pè ọ́, ìwọ lo gbé e, o ní Màmá ní àwọn ò sí nílé, bẹ́ẹ̀ mò ń gbọ́ ohùn rẹ̀ lẹ́yìn rẹ tó ń kọrin fún Oore-ọ̀fẹ́. Mi ò bá ọ wí, ọmọ kì í bá ìyá rẹ̀ jà nítorí adìyẹ. Nǹkan mìíràn tún wà. Àwọn akọrin ìjọ wa, láti ìgbà tí ìyá rẹ ti lọ, ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ń wá jókòó sórí ògiri ilé wa, olúkúlùkù pẹ̀lú fóònù rẹ̀, wọn kì í sọ̀rọ̀, wọn kì í pariwo, wọ́n kàn ń bá mi gbé. Mo máa ń gbàdúrà fún wọn. Ọjọ́ tí iná ẹ̀rọ yẹn di pupa, wọ́n dìde, wọ́n sì lọ, wọn ò padà mọ́. Mi ò mọ ohun tí mo ṣe wọ́n. Mo ti tú gbogbo aṣọ wọn wò bóyá mo rán ọ̀kan há.

Mo wá pinnu pé màá lọ sí Adó fúnra mi láti ra dátà, torí ìyàwó ẹni ò ṣeé bẹ̀ lórí afẹ́fẹ́ lásán, ó yẹ kó rí ojú ẹni. Mo wọ ilé-iṣẹ́ ńlá kan ní apá Ìjigbò, wọ́n fún mi ní nọ́ńbà, mo jókòó nínú òtútù wọn títí wọ́n fi pè mí. Ọmọbìnrin kan ló dá mi lóhùn, wọ́n kọ Monínúọlá sí i láyà. Ó ní Bàbá, kí lẹ fẹ́ fi dátà ṣe? Mo ní mo fẹ́ fi máa wo ìyàwó mi. Ó ní wákàtí mélòó lóòjọ́? Mo ní láti ìgbà tí mo bá ti gbàdúrà àárọ̀ tán títí tí n ó fi ti ilẹ̀kùn ulé. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní Bàbá, ará Ìyìn ni yín, ulé lẹ pe ilé. Mo ní níbo ni tìrẹ? Ó ní Ìgbẹmọ. Mo ní kí ló wá pa ọ́ lẹ́rìn-ín?

Mo ní kó fún mi ní àǹlímítẹ́ẹ̀dì. Ó ní kò sí mọ́, wọ́n ti ń kó o kúrò nílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó ní ti ọjọ́ kan wà, ti ọ̀sẹ̀ kan wà, ti oṣù kan wà. Mo ní èwo ló pẹ́ jù? Ó ní ti ọdún kan wà, àmọ́ bí ẹ ṣe fẹ́ lò ó yẹn, kò ní tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Mo ní ti ọdún kan ni kò ní tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta? Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo ní ti ọ̀sẹ̀ kan ńkọ́? Ó ní ìyẹn lè tán lọ́la. Mo ní bí mi ò bá wá lò ó rárá, bí mo bá tọ́jú rẹ̀ pa mọ́ kó lè pẹ́ ńkọ́? Ó ní bí ẹ ò bá lò ó, ó máa ẹ̀sípáyà. Mo ní ìyẹn ni pé bí mo bá lò ó, ó tán, bí mi ò bá lò ó, ó kú. Ó ní Bàbá, ó ti yé yín. Kò yé mi.

Mo ní jíìbì tí ẹ̀ ń fi wọn dátà yìí, yáàdì mélòó ni ọ̀kan? Ó ní wọn kì í fi yáàdì wọ̀n ọ́n. Mo ní ẹ gbé e jáde kí n fi tépù mi wò ó. Ó ní kò ṣeé rí. Ó ní kí n ṣáà mọ̀ pé jíìbì kan á jẹ́ kí n rí ìyàwó mi fún bíi wákàtí mẹ́ta. Mo ronú sí i, mo ní ọmọ mi, èmi àti ìyá yìí kì í sọ̀rọ̀ o, ńṣe la kàn máa ń jókòó. Ṣé ẹ lè dín in kù fún wa nígbà tí a ò bá sọ̀rọ̀? Ó ní rárá, bí ẹ sọ̀rọ̀ bí ẹ dákẹ́, bákan náà ló ń jẹ ẹ́. Òkìkíọlá, ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí. Gbogbo ayé mi ni mo ti ń bá ìyá rẹ dákẹ́, kò sẹ́ni tó gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wa rí.

Nígbà tó kù díẹ̀ kí n dìde, mo sún mọ́ ọn, mo rọra bi í pé níbo ni ọ̀gá Yúséèjì jókòó sí, kí n lọ kí i fúnra mi ká lè yanjú rẹ̀ ní ìtùnbí ìnùbí. Ó ní ta ni? Mo fi ìwé náà hàn án lórí fóònù. Ó dojú dé tábìlì, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n, mo rò pé ó ń sunkún, mo ní má sunkún mọ́, kí ló ṣe ọ́? Ẹ̀rín ni. Ó ní kì í ṣe ọlọ́pàá, òfin ilé-iṣẹ́ ni, pé bí ènìyàn bá ti lò ó dé ìwọ̀n kan, wọ́n á jẹ́ kó máa fà, àwòrán á máa dúró. Mo ní àǹlímítẹ́ẹ̀dì tí ẹ ní kò lópin náà, àṣé ó ti ní ìwọ̀n látilẹ̀wá? Ó ní ó ní in. Mo ní ta ló wá sọ ọ́ lórúkọ bẹ́ẹ̀? Nínú ìjọ tí wọ́n ti ṣe ìrìbọmi fún mi, Ẹnì kan ṣoṣo là ń pè ní Aláìlópin. Ó ní Bàbá, ẹ má bínú, èmi kọ́ ni mo ṣe ìsọmọlórúkọ rẹ̀. Ọmọ dáadáa ni. Àmọ́ mi ò gbà á gbọ́ tán lórí ti ọlọ́pàá yẹn, torí ọkùnrin kan tó wọ aṣọ dúdú dúró lẹ́nu ọ̀nà wọn, ó ń wo inú àpò gbogbo ẹni tó bá wọlé.

Mo jáde láì ra nǹkan kan, torí orí mi ti ń yí. Níwájú díẹ̀, mo bá ọkùnrin kan lábẹ́ agbòòrùn, tó kọ iye dátà sára páálí. Mo ní fídíò ni mo fẹ́. Ó ní Bàbá, ti fídíò wà, ó pọ̀, kò sì wọ́n. Ó tẹ fóònù mi síhìn-ín sọ́hùn-ún, ó ní ó ti wọlé. Inú mi dùn, mo kọrin délé. Mo gbé fóònù ti áyọ́ọ̀nù, mo pe ìyá rẹ, kò lọ. Mo tún un pè, kò lọ. Mo ní kí Ìyá Ọláyẹmí wò ó, ó tẹ ibì kan, fídíò bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lóòótọ́. Ọkùnrin kan ń dín dòdò. Mo yí i sókè, ọmọge méjì ń jó. Mo yí i, ẹnì kan ń fọ mọ́tò. Ìyá Ọláyẹmí ní irú dátà yìí, ti kí ènìyàn máa wo fídíò àwọn èèyàn ni, kì í ṣe ti kí ènìyàn máa pe èèyàn. Mo ní ìyá Òkìkí kì í ha ṣe èèyàn ni? Mo jókòó, mo ń yí i láti ọ̀sán títí tí wọ́n fi lu agogo àdúrà ìrọ̀lẹ́, mo ní bóyá màá kàn án. Ènìyàn tí mo rí lọ́jọ́ yẹn ju gbogbo ará Ìyìn lọ, mi ò rí i.

Ọjọ́ kẹta lẹ́yìn èyí ni àánú ṣe Ìyá Ọláyẹmí, ó ní dátà òun kù fín-ín-fín, àmọ́ kí òun fi pe ìyá rẹ lórí fóònù òun, bóyá ó máa gbé e. Ó gbé e! Ó rò pé Ìyá Ọláyẹmí ni. Ó ti ń kí i pé ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta kó tó rí i pé èmi ni ojú tó wà níbẹ̀. Ó dákẹ́. Èmi náà dákẹ́, mo sì rántí pé dídákẹ́ náà ń jẹ dátà, mo yára sún mọ́ gíláàsì. Ó wo ọrùn mi. Ó wo kọ́là ẹ̀wù mi tó ti tóbi jù mí lọ. Ojú rẹ̀ ń ṣẹ́ dáadáa lọ́jọ́ yìí o, mo kà á, ó ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mẹrin. Ó wá ní: Kí lo jẹ? Bó ṣe wí bẹ́ẹ̀, dátà Ìyá Ọláyẹmí tán.

Ibi tí mo ti nílò ìrànlọ́wọ́ rẹ gan-an rèé. Èmi gbọ́ “kí lo jẹ”. Ìyá Ọláyẹmí tó dúró lẹ́yìn mi ní rárá, “kí lẹ jẹ” ni òun gbọ́. A ti jiyàn sí i láti ìgbà náà, a kò tíì rí ìdí rẹ̀, nẹ́tíwọ́ọ̀kì sì ti ń gé ohùn rẹ̀ nígbà yẹn. Bó bá jẹ́ “lo” ló wí, a jẹ́ pé ó ti dárí jì mí, oúnjẹ mi ló ń rò. Bó bá jẹ́ “lẹ” ni, a jẹ́ pé adìyẹ rẹ̀ ló ṣì ń béèrè. Jọ̀ọ́, fi ọgbọ́n bi í. Má sọ pé èmi ni mo rán ọ. Bí o bá ti mọ̀ ọ́n, lẹ́tà kan ṣoṣo ni kó o fi ránṣẹ́ sí mi, o tàbí ẹ, mo ti máa mọ ohun tó túmọ̀ sí.

Nínú àpò tí Ilésanmí gbé wá, iṣu mẹ́fà wà níbẹ̀, ilá gbígbẹ wà níbẹ̀, ìrẹsì tí Ìyá Ọláyẹmí fi ta yín lọ́rẹ wà níbẹ̀. Ẹ̀wù méjì náà wà níbẹ̀ tí mo rán fún àwọn ọmọ. Mi ò rí wọn wọ̀n, mo bá fi tépù wọ̀n wọ́n lórí gíláàsì fóònù nígbà tí àǹlímítẹ́ẹ̀dì ṣì wà, èjìká Pamílẹ́rìn jẹ́ ìlàjì íńṣì. Mo mọ̀ pé gíláàsì náà ń dín ènìyàn kù, mi ò ya òmùgọ̀. Mo wá wọn ìyá rẹ náà lórí gíláàsì kan náà, torí ìwọ̀n tirẹ̀ wà nínú orí mi, àyà rẹ̀, ìbàdí rẹ̀, gígùn apá rẹ̀, mi ò nílò ìwé láti rántí rẹ̀. Iye ìgbà tí gíláàsì dín ìyá rẹ kù náà ni mo fi sọ ìwọ̀n àwọn ọmọ di púpọ̀. Àmọ́ Oore-ọ̀fẹ́ sún mọ́ fóònù lọ́jọ́ yẹn ju ìkejì rẹ̀ lọ, bí tirẹ̀ bá wá tó Rótìmí wọ̀, kí ẹ má bínú.

Nípa ti owó, ọmọ mi, mi ò fẹ́ da ẹrù lé ọ lórí, mo mọ̀ pé ọmọ méjì ń mu mílíìkì bí àgbàrá. Àmọ́ bí nǹkan bá wà lọ́wọ́, fi díẹ̀ ránṣẹ́ kí n fi ra irú dátà tó ń pe èèyàn, kódà kó jẹ́ ti ọ̀sẹ̀ kan. Kí o sì fi owó mọ́tò ìyá rẹ pa mọ́ lọ́tọ̀, má fi kún èkíní, kó má lọ bá a ná. Mi ò ní kí o dá a padà lónìí o. Mo mọ̀ pé iṣẹ́ ń pè ọ́, mo mọ̀ pé àwọn ọmọ náà ti mọ òórùn ẹ̀yìn rẹ̀. Ohun kan péré ni mo ń bẹ̀bẹ̀ fún. Gbogbo dátà tí ọmọbìnrin Adó yẹn kà fún mi pátá, ti ọjọ́ kan, ti ọ̀sẹ̀ kan, ti ọdún kan, wọ́n kọ ọjọ́ tí yóò parí sí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lára. Ti ìyá rẹ lọ́dọ̀ yín nìkan ni mi ò rí ọjọ́ lára rẹ̀. Bá mi kọ ọjọ́ kan sí i. Bó jẹ́ Kérésìmesì, bó jẹ́ Àjíǹde, bó jẹ́ ìgbà tí àwọn ọmọ bá rìn, mi ò ní jà, mi ò ní tún un béèrè. Mo kàn fẹ́ mọ ọjọ́ tí màá jí gbálẹ̀ yàrá ni.

Ọlọ́run Èkìtì yóò máa ṣọ́ yín ní Àbújá. Ẹ ò ní ṣàárẹ̀. Àwọn ọmọ yín á rìn, wọ́n á sáré, wọn ò sì ní sá lọ jìnnà sí yín. Rótìmí ò ní pàdánù iṣẹ́ rẹ̀. Nígbà tí ìwọ àti ọkọ rẹ bá dàgbà tó wa yìí, inú yàrá kan náà lẹ ó ti máa dákẹ́ síra yín. Àmín.

Èmi ni bàbá rẹ,
J. A. Ayọ̀rìndé, Télọ̀.